Ìdọ̀bálẹ̀ Lẹ́yìn Tí Ẹ̀rọ Dákẹ́

Màmá òyìnbó tó múlé tì wá ní Clear Lake ti lé lọ́gọ́rin ọdún. London ni wọ́n bí wọn sí. Ọmọbìnrin wọn fẹ́ kó wọn lọ sílé ìtọ́jú arúgbó ní Rosenberg, ṣùgbọ́n Màmá ní inú ilé òun lòun máa kú sí. Èmi ni mo máa ń bá wọn gé koríko ní Sátidé.

Ní Sátidé kan, wọ́n gbé omi tútù jáde fún mi. Ọjọ́ kejì ọjọ́ìbí wọn ni, n kò sì tíì kí wọn. Mo pa ẹ̀rọ tí mo fi ń gé koríko, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Kí n tó gbójú sókè, Màmá ti dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, wọ́n fọwọ́ bo orí. Ọrùn ọwọ́ wọn kan kán.

Ọsibítù ni Màmá ti ṣàlàyé. Nígbà ogun àgbáyé kejì, tí wọ́n wà lọ́mọdé, bọ́ǹbù tó ń fò láìní awakọ̀ ló ń já lu London. Ó máa ń kùn bí ọ̀kadà. Tó bá ṣì ń kùn, ó ń kọjá lọ nìyẹn. Tó bá dákẹ́ lójijì, ó ń já bọ̀, kí oníkálukú yáa dojú bolẹ̀.

Ẹnjiníà ni mí, mo ti kà nípa àwọn bọ́ǹbù náà. Mo ní, "Ṣebí ìbọn ńlá tó ń já wọn lulẹ̀ wà létí òkun, Màmá? Àwọn awakọ̀ òfuurufú tiẹ̀ máa ń fi apá ọkọ̀ wọn ti apá bọ́ǹbù náà kó lè dojú dé."

"Èyí tó bá bọ́ lọ́wọ́ wọn ló ń wá bá wa," ni Màmá fèsì. "Etí wa nìkan la ní."

Mo sọ fún ọmọbìnrin wọn pé èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì kó ìyá rẹ̀ lọ Rosenberg kí oṣù tó parí. Ó dùn mí gan-an.

Nígbà tí mo lọ wò wọ́n, òòró ni mo dúró kí wọn. Màmá wò mí títí.

"Ṣé torí pé mi ò sí nílé mi mọ́ lo ò fi dọ̀bálẹ̀?"

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì wọn, níṣojú àwọn nọ́ọ̀sì.