Ọkọ̀ Funfun, Ọkọ̀ Dúdú

Bí mo bá rí ẹni tó ń rọra ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ gbé ní àdúgbò Yeoville ni mo máa ń rántí. Kíndìnrín ìyàwó wọn ti bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn, bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá sì ti gbọ̀n, ìyàwó á bẹ̀rẹ̀ sí í kérora; ilẹ̀kùn pàápàá, ẹ̀gbọ́n máa ń rọra tì í ni.

Ẹ̀gbọ́n wá ń wá ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná àti epo, èyí tí wọ́n lè cháàjì nílé, tí iná nìkan á gbé dé ilé ìwòsàn, á sì gbé bọ̀ láìtan ẹ́ńjìnnì. Méjì ni wọ́n ń fi wéra. Funfun dákẹ́ jẹ́ẹ́, àmọ́ iná rẹ̀ ń tán lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Iná dúdú ń gbé e délé, àmọ́ àga rẹ̀ le. Gbogbo Sátidé ni wọ́n tún ń lọ wà wọ́n wò.

Inú bí mi lọ́jọ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú mú ọ̀kan!"

"Àbúrò, ẹ̀yìn tìrẹ kọ́ ló máa fara gba àga yẹn."

Ọ̀sẹ̀ kejì tí a sin ìyàwó, ẹni tó ń ta ọkọ̀ pè pé òun ti rí àga tó rọ̀ fún dúdú. Ẹ̀gbọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n wá wò mí.

"Àbúrò, níbo ni mo fẹ́ máa wà á lọ?"