Àgùàlà Lọ́dọ̀ Adìẹ Ọlọ́mọ

Ọsàn ni Ìyá Wàhábì, ìyàwó mi, ń bó ní ọjọ́ tí a lò kẹ́yìn pa pọ̀. Kò jẹ́ kí èèpo kankan ṣòfò. Inú àwo ló ń kó wọn sí. Ó gbójú sókè. "Bàbá Wàhábì, ojú ọ̀run yìí ò gba tiwa lónìí o. Ẹ jẹ́ ká fi fọ́tò dọ̀la." Mo ní kò burú.

Òórùn èèpo ọsàn máa ń gbé mi padà sí agboolé wa ní Ìtòkú. Bàbá mi ń ya fọ́tò. Bí a bá ń dúró de ìràwọ̀, á ju èèpo gbígbẹ sínú ẹyin iná láti fi lé ẹ̀fọn, òórùn rẹ̀ á sì pò mọ́ ti aró láti ìdí ìkòkò ìyá aláàdìrẹ tó bá wa gbé. Àwọn ìràwọ̀ kéékèèké kan wà tí wọ́n ṣù jọ bí òròmọdìẹ. Adìẹ Ọlọ́mọ ni bàbá mi ń pè wọ́n. Ní ọdún mélòó kan síra wọn, Àgùàlà, ìràwọ̀ ńlá ìrọ̀lẹ́, á yà kí wọn fún ọjọ́ díẹ̀. Àsìkò òjò àkọ́rọ̀ ló máa ń bọ́ sí, tí ìkùukùu kì í fúnni láyè. "Ẹni tó fẹ́ rí Àgùàlà," bàbá mi á wí, "kì í bá ìkùukùu jà."

Ojú kámẹ́rà ní láti là pẹ́ díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó wọlé tó, bẹ́ẹ̀ a kì í rí ojú aago nínú òkùnkùn. Nítorí náà, bàbá mi á ṣí ojú kámẹ́rà, ẹnì kan á ké súrà Kúlúwaláhù lẹ́ẹ̀mẹta, òun á wá pa á dé. Òun fúnra rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà mì.

Ọdún tí Àgùàlà dé, èmi ni ó ní kí n ké e. Ara mi ò balẹ̀ àtirí fọ́tò náà. Mo sáré ké e bí a ṣe máa ń sá a nílé kéú kí alùfáà tó na ni. Dúdú kirimú ni fọ́tò yọ.

Sìdí, ọmọ aláàdìrẹ yẹn, rẹ́rìn-ín títí. "Ràṣídì, ṣé ajá ń lé ẹ ni?"

"Ó dáa," ni bàbá mi wí, "ìwọ náà wá ké e lọ́la."

Sìdí ké e bí ẹni ń rọ epo sínú ìgò. Fọ́tò yọ: Àgùàlà rèé, àwọn ọmọ adìẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Sìdí yẹn ló di Ìyá Wàhábì. Kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, súrà lẹ́nu rẹ̀. Kámẹ́rà tí Wàhábì rà fún wa ní aago nínú. A ò lo aago náà rí.

Ọ̀la tó ní ká dúró dè kò bá a láyé. Ilé kún fún "ẹ kú ará-fẹ́ra-kù". Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹta, ìkùukùu là díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àgùàlà ti ń fi Adìẹ Ọlọ́mọ sílẹ̀. Kò níí pẹ́ jìnnà. Wàhábì tẹ̀ lé mi dé ẹ̀yìnkùlé. "Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín ké e." Mo ní kó padà sọ́dọ̀ àwọn àlejò.

Èèpo ọsàn ṣì wà nínú àwo, ó ti gbẹ. Mo jù ú síná. Mo ṣí ojú kámẹ́rà. Ọmọ tí mo jẹ́ ní Ìtòkú ìjọ́sí ń sáré kó lè tán. Èmi ò fẹ́ kó tán. Mo ké e lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́, bí Ìyá Wàhábì ti máa ń ké e. Ohùn mi gbọ̀n. Ọwọ́ mi ò mì. Mo pa á dé.