Ẹ̀rín Àǹtí Agogo Lójú Fèrèsé Ilé Ìkàwé

Bí ẹ bá ń wá ṣọ́ọ̀bù onídìrí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Agogo, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu láti bi ẹnikẹ́ni. Ẹ dúró sí ìkóríta, kí ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí omi tó fẹ́ hó, á dákẹ́ bí ẹni pé ó ti tán, àfi gbàà! tí á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ irun inú ike á máa mì lórí tábìlì. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, sọ fún mi pé etí lòun fi fẹ́ ìyàwó òun, ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀ lé e ni. Ó ní òun wà lórí òrùlé ilé kan, òun ń kan pákó lọ́wọ́, bí òun ṣe gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti òpópónà kejì, òòlù bọ́ lọ́wọ́ òun.

"Ẹ ò kọ́kọ́ lọ mú òòlù yín kí ẹ tó wá mi wá?" ni ìyàwó máa ń bi í.

"Òòlù wo? Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní."

Ẹ̀rín yìí náà ti kó o sí wàhálà rẹpẹtẹ. Nílé ẹ̀kọ́, ó kúnlẹ̀ ju bó ṣe jókòó lọ. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ irun, ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ní àwọn oníbàárà ńláńlá kì í fẹ́ ariwo, pé kó máa pa ẹ̀rín mọ́ra. Ó gbìyànjú ẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló lọ. Ọ̀rọ̀ lọ. Orin tó máa ń kọ lábẹ́lẹ̀ lọ. Ọwọ́ pàápàá wá le, ó ń dirun débi pé ojú àwọn oníbàárà ń fà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ wá kí i níbi iṣẹ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ló bá bi ọ̀gá yẹn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi dà?" Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà rèé tó dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú kóòmù lọ́wọ́! Ọjọ́ yẹn ló búra pé kò sẹ́ni tó máa tún gba ẹ̀rín lẹ́nu òun mọ́ láyé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò wá mọ̀ ni pé Àǹtí Agogo fẹ́ràn ìwé bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn súìtì. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló máa ń lọ sí ilé ìkàwé tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ní àga tirẹ̀ níbẹ̀, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, lábẹ́ fáànù tó ń ké kíì, kíì. Òun ló mọ bí a ṣe ń fi imú bàtà gbé ẹsẹ̀ àga náà dúró kó má baà mì.

Ilé ìkàwé yẹn dákẹ́ o! Ọ̀gá ibẹ̀ ọkùnrin, gíga bí àkàbà, aláwò ojú, a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ ju "ṣíì" lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ọ̀gá Ṣíì lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló fòfin de àtẹ́wọ́. Bí nǹkan bá dùn mọ́ ọ níbẹ̀, ńṣe ni wàá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wàá sì máa mi ìka rẹ. Tí wọ́n bá ń ka ìtàn fáwọn ọmọdé lọ́sàn-án, ọwọ́ kéékèèké á kàn máa mì lókè bí ewé. Ó ti mọ́ àwa tí a ń lọ síbẹ̀ lára débi pé mo ti ṣe é níbi ìgbéyàwó rí. Wọ́n rò pé eṣinṣin ni mò ń lé.

Níbi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ni Àǹtí Agogo ti ń ka ìwé kan lọ́jọ́ kan, nípa ọkùnrin kan tó jókòó lórí fìlà bàbá ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tí kò sì lè dìde mọ́ nítorí ìtìjú. Gbàà! Ọmọ ilé ìwé kan ju bírò sókè. Ìkókó kan jí, ó figbe ta. Ọ̀gá Ṣíì yọ dé pẹ̀lú ọwọ́ nínà.

"Madam, ẹ mú káàdì yín wá."

"Kí ni mo ṣe, ọ̀gá?"

"Ẹ ó gbà á padà lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣèlérí pé ẹ ò ní rẹ́rìn-ín níbí mọ́."

"Ìwé tí ẹ kó síbẹ̀ ni kí ẹ lọ bá wí, èmi kọ́!"

Ó fún un ní káàdì, àmọ́ kò fún un ní ìlérí. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó ń rìn bí ẹni tó ń lọ síbi àríyá. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ sọ pé nígbà tó délé, ńṣe ló jókòó sórí àga ìdáná, tó ń fi ẹsẹ̀ wá ẹsẹ̀ àga tó máa gbé dúró.

Kò pẹ́ sígbà yẹn la gbọ́ pé ilé ìkàwé fẹ́ ṣe àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Àwòrán, ewì, orin, àwàdà! Inú mi dùn débi pé mo sọ fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí lójú títì. Ẹni tó bá ní káàdì nìkan ló lè wọlé, àwọn tó máa ṣeré nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Télọ̀ tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti ti Àǹtí Agogo wà lára wọn. Láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ti ń dán àwàdà rẹ̀ wò sára ògiri, tí Àǹtí á sì máa rẹ́rìn-ín lódì kejì. Ọkọ Àǹtí gan-an ni wọ́n fún níṣẹ́ pé kó kan pèpéle.

"Ṣé kí n lọ tú u ni?" ni káfíńtà bi ìyàwó rẹ̀.

"Fi sílẹ̀. Télọ̀ fẹ́ dúró lórí ẹ̀."

Télọ̀ fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́. "Àǹtí, ẹ kàn fẹnu lásán ṣèlérí fún wọn. Tó bá dọ̀la, ẹ rẹ́rìn-ín yín."

"Ìwọ, tí wọ́n bá ní kó o ṣèlérí pé o ò ní ránṣọ mọ́, wàá fẹnu lásán ṣe é?"

"Àwọn oníbàárà mi kan á dúpẹ́ o!"

Ó rẹ́rìn-ín, ògiri mì. Kò gbà síbẹ̀. Bàbá ẹ̀ṣọ́, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé, ní kó fòru bojú, kó gba ẹ̀yìn wọlé. Ó ní rárá. "Ẹnu ọ̀nà ni mo gbà jáde, bàbá. Ẹnu ọ̀nà náà ni màá gbà padà, tèmi tẹ̀rín mi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò wọlé."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà dé. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ bá rí ilé ìkàwé yẹn! Wọ́n ti àwọn pẹpẹ ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi okùn so àwòrán kọ́ sáàárín wọn, tí ó fi jẹ́ pé bí o bá ń kọjá, ojú ẹlòmíì ni wàá máa bá pàdé nínú férémù. Pèpéle káfíńtà dúró gbọin-gbọin níwájú. Ooru mú, wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Lójú èyí tó sún mọ́ pèpéle jù, níta, Àǹtí Agogo fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé etí rẹ̀ bí ẹni tó sanwó ìjókòó.

Awakọ̀ èrò kan ló kọ́kọ́ gun pèpéle. Ewì ló kọ, nípa dígí tó fi ń wo ẹ̀yìn, pé gbogbo èèyàn tó ti gbé rí ṣì ń kéré lọ nínú rẹ̀. Ó wọ̀ mí lára ṣinṣin! Gbogbo wa gbé ọwọ́ sókè, a ń mi ìka. Awakọ̀ wò wá. Ó ka ìlà kan sí i. Ọwọ́ tún lọ sókè. Ó ká ìwé rẹ̀, ó ní, "Ó dáa, mo ti gbọ́," ó sì bọ́ sílẹ̀ kó tó dé ìdajì. A ò mọ ohun tó ṣe é. A tún mi ìka sí i láti fi ṣìkẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ló wá dá a lágara pátápátá, ó kọjá lọ sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń fi ọwọ́ aṣọ nu ojú.

Télọ̀ ló kàn. Ó bẹ̀rẹ̀ àwàdà rẹ̀, ti oníbàárà kan tó fẹ́ ran ṣòkòtò ìgbéyàwó, tó ní kí télọ̀ fi àyè sílẹ̀ nítorí ìyàwó òun mọ oúnjẹ sè. Ó dùn! A ń mi ìka bí i pé kò ní tán. Ojú télọ̀ ṣú. Ó dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mò ń lọ. Ẹ má lé mi mọ́, mò ń lọ."

Ibẹ̀ ni Àǹtí Agogo ò ti lè gbà á mọ́. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́... ìdákẹ́... gbàà! Àwòrán mì lórí okùn.

"Télọ̀! Níbo lò ń lọ? Wọn ò lé ẹ, ńṣe ni wọ́n ń yìn ẹ́! Àtẹ́wọ́ wọn nìyẹn níbí!"

Láti ẹ̀bá ilẹ̀kùn, awakọ̀ figbe ta. "Àtẹ́wọ́ kẹ̀? Èyí tí wọ́n ṣe fún mi náà ńkọ́?"

"Àtẹ́wọ́ ni!"

"Háà! Mo ti sunkún tán!"

Kò sẹ́ni tó lè pa á mọ́ra mọ́. Obìnrin kan nílà iwájú rẹ́rìn-ín títí tó fi di pèpéle mú. Ọ̀gá Ṣíì dìde, ó na ìka sétè.

"Ṣíì! Madam, ẹ kúrò lójú fèrèsé."

"Ìta ni mo wà, ọ̀gá. Òfin yín ò dé títì."

"Ẹ ń da àjọ̀dún rú."

"Àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ sin ín láàyè?"

Obìnrin ìlà iwájú dìde, ó yí àga rẹ̀ padà, ó kọ ojú sí fèrèsé, ó sì jókòó. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yí tirẹ̀. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, gbogbo ilé ń wọ́ àga, gìrìgìrì, gààrì, ariwo tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí níbẹ̀. Èmi náà yí tèmi o! Ọ̀gá Ṣíì wò wá lọ, wò wá bọ̀. Ó wá sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́.

"Madam. Ìlérí kan péré. Ẹ ṣe é báyìí níwájú gbogbo wọn, màá ṣílẹ̀kùn fún yín lójú ẹsẹ̀."

A ń gbọ́ fáànù, kíì, kíì. Mo rí i tó wo àga ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú yẹn, tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí kò sẹ́ni tó jókòó lé e. Ó wò ó pẹ́.

"Ọ̀gá, mo fẹ́ wọlé ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kò sọ́jọ́ ìsinmi kan tí mi ò gbabí kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín bá kù síta, ta lẹ fẹ́ gbà wọlé? Ìyá tó bí mi ò ní dá a mọ̀. Mi ò ṣèlérí." Ó yíjú. "Télọ̀, o ò tíì parí. Níbo lo dé?"

"Mo... mo ti gbàgbé."

"Òmùgọ̀! Ọjọ́ ìgbéyàwó. Ṣòkòtò já bọ́ sílẹ̀." Ó yí ohùn padà bí oníbàárà náà, ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Télọ̀! Àyè ni mo ní kó o fi sílẹ̀, mi ò ní kó o fi yàrá sílẹ̀!"

Ojú télọ̀ tún tàn. Ó na àyà. "Yàrá kọ́ o, ẹ̀gbọ́n. Pálọ̀ ni. Ẹ pe ìyàwó yín kó wá jókòó!"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ, ọ̀kan lórí pèpéle, ọ̀kan níta, bí wọ́n ṣe ti ń ṣe é láti ẹ̀gbẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. A rẹ́rìn-ín, ìhà ń dùn wá. Mo wo Ọ̀gá Ṣíì. Kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ò tiẹ̀ yí padà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè, gbogbo ìka ń mì.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó pe bàbá ẹ̀ṣọ́.

"Ẹ̀fọn ń wọlé. Ẹ ti fèrèsé yẹn."

"Ọ̀gá, bí mo bá tì í, ibo ni Àǹtí máa gbà sọ̀rọ̀?"

"Ṣé kò sí ilẹ̀kùn ni?"

Àwọn géńdé kan ti dìde, wọ́n fẹ́ fa Àǹtí gba ojú fèrèsé wọlé. Ó gbá wọn lọ́wọ́. "Ẹ gbọ́wọ́ kúrò! Mo ní ọ̀nà tèmi." Ó wo Ọ̀gá Ṣíì lójú kòrókòró. "Mi ò ṣèlérí o."

"Ta ló bi yín?"

A ń gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ bó ṣe ń yí ilé náà ká, pàtì, pàtì, kò yára. Káfíńtà ti gbé àga ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú wá síwájú. Bàbá ẹ̀ṣọ́ ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ló máa ń ṣí. Ó wọlé. Ọ̀gá Ṣíì ki ọwọ́ bọ àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó yọ káàdì jáde. Ẹ̀bá rẹ̀ ti gbó, ó jọ pé ó ti pẹ́ nínú àpò yẹn. Àǹtí gbà á, ó jókòó, ó fi imú bàtà gbé ẹsẹ̀ àga dúró.

"Télọ̀," ló wí, "bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Télọ̀ ò tíì la ẹnu tí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀.