Òdo tí Mo Fún Ọmọ Oníṣu Ìjan

Bí mo bá gbóòórùn ìwé àtijọ́ lónìí, pàápàá èyí tí eku ti tọ̀ sí, Adó-Èkìtì ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, àti sítọ́ọ̀ kékeré kan tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ojú ọ̀nà Ìjan. Páànù ni òrùlé rẹ̀, fèrèsé ẹyọ kan ló ní, tí òjò bá sì ti dá, ooru inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ibẹ̀ ni a ń kó ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí, nínú àpò sìmẹ́ńtì àti páálí. Ìwọ náà ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí, o mọ irú ibẹ̀. Mo fẹ́ràn ìlú yẹn gan-an. Mo ṣì ń ṣàárò òwúrọ̀ rẹ̀, nígbà tí ìkùukùu bá ṣì bo orí òkè, tí àwọn ọlọ́kadà ti ń pe èrò Fájuyì. Mo ń ṣàárò àwọn onílé mi náà, tí wọ́n ń pe ilé ní ulé, tí wọ́n sì ń fi èmi ọmọ Ọ̀yọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé n kò mọ iyán jẹ.

Ẹ̀ka ìmọ̀ òwò ni mo ti ń kọ́ni. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, lẹ́tà dé láti Àbújá pé àwọn aṣàyẹ̀wò ń bọ̀ wá wo bí a ṣe ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Bí wọ́n bá ní a kò yege, a kò ní gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ́, àwa olùkọ́ méje á sì máa wá iṣẹ́ kiri. O mọ bí a ti ń ṣe tí irú àlejò bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀. Wọ́n kun ògiri, wọ́n gbin òdòdó, wọ́n lọ yá ìwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì míì láti fi kún láíbìrì tiwa. Ọ̀gá ẹ̀ka wa, bàbá kan tó jẹ́ díákónì, tí ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀, pín iṣẹ́ fún gbogbo wa. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ ṣa ìwé ìdánwò tí a ó fi han àwọn àlejò: ti àwọn tó yege dáadáa, ti àwọn tó wà láàárín, àti ti àwọn tó fìdí rẹmi.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nóòtì kan ṣoṣo ni mo fi ń kọ́ni. Ọwọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú mi ni mo ti gbà á, òun náà sì gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì. Màá dúró níwájú kíláàsì, màá máa kà á, àwọn ọmọ á máa kọ ọ́ sílẹ̀, tí ìdánwò bá dé, wọ́n á dá a padà fún mi bí mo ṣe fún wọn. Ẹni tó bá dá a padà láìyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, òun ló mọ̀wé jù. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Kódà mo máa ń yangàn pé mo ti mọ̀ ọ́n sórí látòkè délẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí mo ti wà nínú sítọ́ọ̀ ni mo kan ìwé ọmọbìnrin kan. Mo rántí rẹ̀: ọmọ Ìjan, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìbéèrè mi ni pé kí wọ́n ṣàlàyé ọ̀nà márùn-ún tí oníṣòwò lè gbà mú kí oníbàárà padà wá. Àwọn yòókù kọ ohun márùn-ún tó wà nínú nóòtì, láti orí ìpolówó ọjà títí dé ẹ̀bùn ọdún. Òun kò kọ ìkankan nínú wọn. Ohun tó kọ ni pé ìyá òun ń ta iṣu ní Ìjan, àti pé bí ènìyàn bá mú iṣu kan tó ní òun fẹ́ fi gún iyán, tí ìyá òun sì mọ̀ pé iṣu náà máa ní kókó, ìyá náà á sọ fún un pé èyí kò ṣeé gún, kó kúkú sè é jẹ. Bí kò bá sí èyí tó ṣeé gún nínú òkìtì tirẹ̀, á nawọ́ sí oníṣu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí ẹni náà lọ rà níbẹ̀. Ọmọ náà ní inú máa ń bí òun ní kékeré, títí òun fi rí i pé àwọn tí ìyá òun ní kí wọ́n lọ yẹn gan-an ni wọ́n ń padà wá, tí wọ́n tún ń mú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn dání. Ní Èkìtì, ó ní, ẹni tó bá ta iṣu fún ọ tí iyán rẹ di kókó lójú àlejò, o kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé. Ojú ìwé méjì gbáko ló kọ.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Látìgbà tí mo ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ òwò, n kò tíì ka ohun tó yé mi tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ni ojú mi wá bọ́ sí báírò pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni. "Kò sí nínú nóòtì" ni mo kọ síbẹ̀, mo sì fún un ní òdo, òdo ńlá, mo tún fa ìlà sí i nídìí. Òdo yẹn ló gbé e ṣubú. Wọ́n ní kó tún ọdún náà ṣe, kò tún un ṣe, ó fi ilé ìwé sílẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà nínú sítọ́ọ̀ náà, síbẹ̀ ojú tì mí gan-an.

Mo mú un tọ ọ̀gá wa lọ. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á dé òpin, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ibi ọ̀rọ̀ iyán, nítorí ọmọ Èkìtì pọ́ńbélé ni wọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n dá a padà sínú àpò tí mo ti mú un, kí n wá ẹlòmíì tó gba òdo nítorí pé kò kọ nǹkan kan. Mo ní ṣé kò yẹ kí àwọn àlejò rí ibi tó ti ń dùn wá ni.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ìyàwó ẹni tó kéré jù nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ṣé ìwọ lo máa lọ sọ fún un pé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ti bọ́?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo gbé ìwé náà lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn aṣàyẹ̀wò dé, mo fi í sínú fáìlì àwọn tó fìdí rẹmi, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Má pè é ní ìgboyà o. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé ka iwájú wa. Mo kàn mọ̀ pé bí mo bá tún fi ìwé yẹn pamọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fún ọmọ náà ní òdo. Olórí àwọn àlejò, màmá àgbàlagbà kan, ṣí fáìlì náà, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà, wọ́n wá béèrè pé ta ló máàkì rẹ̀. Mo dìde. Wọ́n ní kí ló dé tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

"Kò sí nínú nóòtì mi, mà."

Ọ̀gá wa wúkọ́, kì í sì í ṣe pé ikọ́ ń ṣe wọ́n. Màmá náà ní kí n mú nóòtì yẹn wá. Nígbà tí wọ́n rí i bó ṣe pọ́n tí etí rẹ̀ sì ti já, wọ́n bi mí pé ọdún mélòó ni mo ti ń kà á fún àwọn ọmọ. Mo sọ ọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọn kò tì wá pa. Ọdún kan ni wọ́n fún wa láti tún ẹ̀kọ́ wa ṣe, wọ́n ní bí àwọn bá padà dé tí àwọn tún bá nóòtì lọ́wọ́ wa, ó parí nìyẹn. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀gá wa kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá kí wọn, "Hùn" ni wọ́n máa ń dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wọ ọ́fíìsì mi, wọ́n fa àga, wọ́n ní ìyá tiwọn náà ta aṣọ ní ọjà Adó títí ó fi darúgbó, kò sì sí ọjọ́ kan tí àwọn mẹ́nu bà á nínú kíláàsì. Wọ́n ní níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ọdún yẹn ni mo gbádùn jù nínú gbogbo ayé iṣẹ́ mi. A jáwọ́ nínú kíka nóòtì. A ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n á padà wá sọ ohun tí wọ́n rí, a ó sì jọ jiyàn lé e lórí. Ò bá wá gbọ́ ariwo! Ọ̀gá wa á dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi láti gbọ́, àwọn náà á wá dá sí i. Nígbà tí àwọn aṣàyẹ̀wò padà dé, a yege.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo lọ wá ọmọ Ìjan náà. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ṣe kíláàsì ló júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún mi ní Fájuyì, níbi tó ti ń ta ìkòkò, abọ́ àti àga oníke. Ó dá mi mọ̀ kí n tó lanu, ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo rò fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin: bí a ṣe rí ìwé rẹ̀, bó ṣe yí ẹ̀ka wa padà, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ṣe ń kà á lẹ́yìn tí a ti bo orúkọ rẹ̀. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo rò pé inú tirẹ̀ náà á dùn. Ó ń gbọ́, ó ta abọ́ méjì fún obìnrin kan láàárín ọ̀rọ̀ wa, ó wá yíjú sí mi.

"Sà, èmi ńkọ́?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ó kàn béèrè ni. Ohun tó ń béèrè sì yé mi: sátífíkéètì rẹ̀, àti àwọn ọdún rẹ̀ tó ṣòfò lọ́dọ̀ wa. Mo ti lọ wádìí kí n tó wá. Èsì tí ìgbìmọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ti fọwọ́ sí látọjọ́ yẹn, wọn kì í yí i padà mọ́. Ó wà lẹ́nu mi láti sọ fún un pé a ṣì ń wò ó, pé kó ní sùúrù. Dípò ìyẹn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èmi tí mo lè bí i.

"Èmi ni mo ṣe é," ni mo wí, "n kò sì lè tún un ṣe mọ́."

Ó fà mí dìde kíákíá, ó ní àwọn ènìyàn ń wò wá. Omi wà lójú rẹ̀, ó wà lójú tèmi náà. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, n kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́. Ó yọ àga kan nínú ọjà rẹ̀, ó nù ún.

"Ẹ jókòó, sà," ló wí. "Ẹ ò purọ́ fún mi."

Mo jókòó. A sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, a sọ̀rọ̀ ọjà, kò sí ẹni tó tún dárúkọ ilé ìwé títí mo fi dìde. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, mo ti padà sílé, àwọn ènìyàn sì máa ń yìn wá pé a tún ẹ̀kọ́ òwò ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn. Òótọ́ ni, a tún un ṣe, mo sì láyọ̀ sí i. Gbogbo ọmọ tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló jàǹfààní àtúnṣe náà. Òun tó kọ́ wa gan-an ni kò sí lára wọn.