Ọwọ́ Tó Yí Sítíárìn ní Ikpoba Hill

Inú ṣì máa ń bí mi tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ láti Ikpoba Hill, mi ò sì lè purọ́ pé inú kì í bí mi.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi. Iṣẹ́ ló gbé wọn láti Èkìtì wá sí Benin, wọ́n sì ní àṣà kan tí àwọn ń pè ní ọgbọ́n. Bí mọ́tò bá ti dé orí òkè yẹn, wọ́n á pa ẹ́ńjìnì, mọ́tò á wá máa yí lọ fúnra rẹ̀ títí dé orí afárá tó wà nísàlẹ̀ òkè náà. Wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ epo lò. Epo wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀mí àwa tá a jókòó sínú mọ́tò ńkọ́? Ọjọ́ tí mo bi wọ́n, ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn ni pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Wọ́n kọ́ àbúrò mi ọkùnrin ní mọ́tò. Èmi àkọ́bí, wọ́n ní, "Ìwọ, ọkọ rẹ á máa fi mọ́tò gbé ọ kiri." Mo bá lọ kọ́ mọ́tò wíwà nínú géèmù eré mọ́tò tí àbúrò mi ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n. Àìmọye ìgbà ni mo forí sọ ògiri níbẹ̀, títí mo fi mọ̀ pé ibi tí mo bá tẹjú mọ́ ni mọ́tò ń lọ. Tí mo bá wo ògiri, mo kọlù ú. Tí mo bá wo àlàfo, mo kọjá. Bíréèkì ọwọ́, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fà á. Ẹni tó bá fà á lẹ́ẹ̀kan náà, mọ́tò rẹ̀ á pòòyì. Bàbá mi bá mi nídìí ẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n fa wáyà yọ lára ògiri.

"Ṣé tẹlifíṣọ̀n ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì ni?"

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, à ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, à ń lọ sí ìpàdé àwa ọmọ Èkìtì ní New Benin. Èmi wà níwájú, màmá mi wà lẹ́yìn. Bàbá pa ẹ́ńjìnì bí ìṣe wọn. Tákísí kan tó wà níwájú wa ṣàdédé dúró gbé èrò. Bàbá tẹ bíréèkì, ó le gbagidi, nítorí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ látòkè tí ẹ́ńjìnì ò sì ṣiṣẹ́. Wọ́n tẹjú mọ́ ẹ̀yìn tákísí náà, ibẹ̀ gan-an la sì ń lọ.

"Ẹ má wò ó! Ẹ wo ẹ̀gbẹ́!"

Wọn ò gbọ́. Mo na ọwọ́ tí mo wọ aago sí, mo gba sítíárìn, mo yí i sí àlàfo tó wà lápá òsì, mo wá ń fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ títí tá a fi dúró. Àkísà àgbà ni ì bá pa wá lọ́jọ́ náà.

"Papa, you wan kill person?" Awakọ̀ tákísí ló ń pariwo lẹ́yìn wa.

A dé ìpàdé, bàbá mi dìde láti dúpẹ́. "Ọlọ́run lo ọwọ́ mi. Mo kàn yí i báyìí ni." Gbogbo ilé ṣe àmín. Nígbà tá a délé, mo bẹ màmá mi pé kí wọ́n sọ ọwọ́ ẹni tó yí sítíárìn gan-an.

"Mo dijú ni, ọmọ mi. Àdúrà ni mò ń gbà."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àbúrò mi gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Èmi, owó oṣù mi ni mo fi kọ́ mọ́tò nígbẹ̀yìn.

Ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ojú bàbá ti di bàìbàì, èmi ni mò ń fi mọ́tò gbé wọn kiri. Lọ́jọ́ kan tí màmá mi jókòó sẹ́yìn, bá a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ láti Ikpoba Hill, bàbá nawọ́ sí ojú fèrèsé. "Ibí yìí ni mo ti gbà yín là."

Mo páàkì. "Bàbá, ọwọ́ ta ló yí sítíárìn?"

Màmá mi ló dáhùn láti ẹ̀yìn.

"Ọwọ́ ọmọ yín ni. Ọwọ́ tó wọ aago ni mo rí, ẹ̀yin kì í sì í wọ aago."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń dúró dè láti ọjọ́ náà wá nìyẹn. Àmọ́ bó ṣe jáde, ìbínú mi kúrò lórí bàbá. Mo yíjú sẹ́yìn.

"Màmá, ṣebí ẹ ní ẹ dijú ni?"

Wọ́n wolẹ̀, mo tan ẹ́ńjìnì, mo sì gbé wa lọ sílé.