Orúkọ Tí Màmá Ní Kí N Pe Òun

Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, aládùúgbò wa ń gé koríko, òórùn àlùbọ́sà sì gba ojú fèrèsé wọlé. Àlùbọ́sà igbó kan wà tó máa ń hù láàrin koríko ní Maryland níbí nígbà tí òtútù bá ń lọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń rùn. Ní tèmi, bí mo bá ti gbóòórùn rẹ̀, màmá tó bí bàbá mi ni mo máa ń rántí, àti ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí pé kí n ṣe fún òun tí n kò ṣe.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Adelphi là ń gbé, nínú ilé alájà mẹ́ta tí òórùn ọbẹ̀ oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè máa ń pàdé lórí àtẹ̀gùn. Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi, iṣẹ́ ọ̀sibítù kì í sì í mọ ọjọ́ Àìkú yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí Màmá fi wá láti Ìbàdàn láti bá àwọn òbí mi tọ́jú àbúrò mi. Ìjọ Áńgílíkà àwọn ọmọ Nàìjíríà tí à ń lọ kò tíì ní ilé tirẹ̀. Wọ́n yá ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan lò ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, láàrin igbó ní apá Accokeek. Bí ìsìn bá parí, àwọn àgbà yóò tún wọ ìpàdé, kí wọ́n sì tó fẹnu kò lórí àga márùn-ún, àwọn ọmọdé á ti sùn, wọ́n á ti jí. Màmá kò ní sùúrù fún un. Yóò fà mí lọ́wọ́, a ó sì jáde lọ sí itẹ́ òkú ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Òkúta ibẹ̀ ti gbó, òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ ojú wọn tán. Èmi ni mò ń ka orúkọ sí Màmá létí, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. John. Thomas. William. John. Elizabeth. Mary. Anne. John. Mary.

"Ṣé àwọn wọ̀nyí ò mọ orúkọ mìíràn ni?" ni Màmá wí. "Bí áńgẹ́lì bá ké 'John' níbí lọ́jọ́ àjíǹde, ìdajì wọn ló máa jẹ́ ẹ."

Bàbá arúgbó òyìnbó kan tó ń gé koríko níbẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín wa, ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì wá bá wa. Èmi ni ògbufọ̀. Ó ní láyé ọjọ́un nílùú ọba, orúkọ kò pọ̀. Bàbá tàbí ìyá ìsàmì ló sábà máa ń fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọmọ, àwọn tó wọkọ̀ ojú omi wá síbí sì kó orúkọ díẹ̀ náà dání. Ó mú wa lọ síbi òkúta mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Margaret ni wọ́n kọ sí ti àkọ́kọ́, ọmọ ọwọ́ ni. Margaret ni èkejì, ọmọ ọdún méjì. Ẹ̀kẹta tún ni Margaret, ìyẹn dàgbà títí tó fi ní ọmọ-ọmọ. Ìyá kan náà ló bí wọn. Ó ní bí ọmọ bá kú, wọ́n máa ń fún èyí tó bá tẹ̀lé e ní orúkọ rẹ̀.

Margaret ni orúkọ ìsàmì Màmá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò bà á lẹ́rù, ṣùgbọ́n ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń fa àlùbọ́sà igbó kúrò lára òkúta kékeré yẹn. "Wọn ò jẹ́ kí orúkọ náà kú," ló sọ.

Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé òun ní oríkì. Ìyá òun nìkan ló máa ń pè é, òun kò sì tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ tí ìyá náà fi kú. Ilé olùkọ́ ìjọ kan ni wọ́n ti tọ́ òun dàgbà, Margaret ni wọ́n ń pe òun níbẹ̀, ọkọ òun pàápàá kò mọ òmíràn.

"Àwẹ̀ró," ló wí, jẹ́jẹ́. "Tí ìyá mi bá wẹ̀ fún mi tán, tó ń róṣọ fún mi, ìgbà yẹn ló máa ń pè é." Ó wá wò mí lójú. "Pè mí bẹ́ẹ̀ kí n gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ẹ̀yin ọmọ, lójú tiyín, nǹkan kékeré ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó juni lọ ló ń pe oríkì ẹni. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ìyá mi gbá mi lẹ́nu torí pé mo pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórúkọ láìfi Àǹtí ṣáájú. Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Màmá, n ò lè pè yín lórúkọ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá rẹ kọ́ ọ dáadáa," ló wí, ó sì gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù. Kò tún bẹ̀ mí mọ́. Inú mi tiẹ̀ dùn pé mo ṣe bí ọmọ tó gba ẹ̀kọ́.

Kí òtútù tó tún padà dé, Màmá dùbúlẹ̀ àìsàn, kò sì dìde. Bàbá mi kò tíì ní ìwé ìgbélùú tó lè fi gbé e lọ sílé kó sì tún padà wọlé, nítorí náà wọ́n ra ilẹ̀ sàréè nítòsí Glenarden. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ ohun tí yóò wà lójú òkúta rẹ̀, ilé wa kún fún èrò. Bàbá mi mú bírò. "Mo fẹ́ kí oríkì Màmá wà níbẹ̀," ló wí. "Ta ló mọ̀ ọ́n?" Wọ́n ń wo ara wọn. Wọ́n pe Ìbàdàn lórí fóònù títí káàdì ìpè méjì fi tán, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ni bàbá mi bá sunkún lójú gbogbo wa, pé òun ò mọ orúkọ ìyá òun.

Mo mọ̀ ọ́n. Orí kápẹ́ẹ̀tì ni mo jókòó sí, lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo la ẹnu, ìyá mi sì ṣẹ́jú sí mi pé àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀. Mo pa ẹnu dé. Bí wọ́n ṣe kọ Margaret nìkan síbẹ̀ nìyẹn. Ó ń dùn mí títí dòní, n ò ní purọ́ fún yín.

Ó tó ogún ọdún kí n tó jẹ́wọ́ fún bàbá mi, lẹ́bàá sàréè náà. Mo ń retí pé yóò bínú. Ó mi orí. "Èmi náà ò lè pè é," ló wí. "Ìyá mi ni." Ìgbà yẹn ló yé mi pé kò sẹ́ni tó kù láyé tó lè pè é.

Ìjọ wa ti ní ilé tirẹ̀ báyìí, ìpàdé ṣì ń pẹ́. Àwọn ọmọdé ń pe àgbà lórúkọ, kò sẹ́ni tó ń gbá wọn lẹ́nu. Mo máa ń ráhùn sí i, lẹ́yìn náà ni màá rántí pé ká ní ẹ̀kọ́ tèmi kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni, Màmá ì bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ kó tó lọ.

Mo ti bímọ báyìí, obìnrin, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Nígbà tí a fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ, òkúta mẹ́ta yẹn ni mo rántí. Ní Sátidé tó kọjá yẹn, mo gbé òun àti bàbá mi sínú mọ́tò, a lọ kí Màmá ní sàréè rẹ̀. Ọmọ náà ti sáré lọ jìnnà láàrin àwọn òkúta. Mo dúró níbi ẹsẹ̀ Màmá, mo sì ké pe ọmọ mi, "Àwẹ̀ró!" Bàbá mi ṣí fìlà.

Ọmọ náà dá mi lóhùn, ó sáré bọ̀, ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ó ti dé ọ̀dọ̀ mi tán, mo ṣì tún pè é.