Píìnì Màmá Mi àti Abẹ́rẹ́ Dókítà

Mo rántí ìgbà tí mo lóyún àkọ́bí mi ní Onitsha, níbi tí báǹkì gbé ọkọ mi lọ. Ìbàdí ń ro mí débi pé bí mo bá jókòó, ẹlòmíràn ló máa fà mí dìde. Màmá mi gbéra láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tọ́jú mi. Kó tó béèrè omi mu ló ti fi píìnì há etí aṣọ mi, nítorí aboyún kì í rìn lásán nínú oòrùn ọ̀sán, kí ohun burúkú má baà bá a pàdé. Ọ̀làjú ni mí lójú ara mi nígbà yẹn, mo kàn ń rẹ́rìn-ín sínú.

Ìyá onílé wa ló júwe dókítà obìnrin kan tó ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí kò ní oògùn nínú, bíi tàwọn ará Ṣáínà, wo ìrora aboyún. Èmi àti màmá mi la jọ lọ. Bí dókítà ṣe kó abẹ́rẹ́ jáde, màmá mi figbe ta pé wọn ò ní gún ọmọ òun bí ẹni gún ẹran súyà. Dókítà bi mí pé kí ló ń sọ.

Mo ní, "Doctor, no mind am. Na pin she dey use for her own."

Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Màmá mi kò gbọ́ pidgin, ṣùgbọ́n ó mọ píìnì. Ó wo etí aṣọ mi. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ tirẹ̀ sí dókítà, ó ní kí n sọ fún un pé kó kọ́kọ́ gún òun wò. Obìnrin tó máa ń sá fún abẹ́rẹ́ ibà! Wọ́n gún un, ó di ojú pinpin, ó ní, "Kò burú. Ó lè gún un."

Abẹ́rẹ́ náà mú ìrora mi fúyẹ́. Lọ́jọ́ ìrọbí, dókítà tún gún mi, màmá mi sì ń fi ọwọ́ ra mí lẹ́yìn títí mo fi bí. Òun ló wẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Nígbà tí àbúrò mi lóyún, màmá mi kò fún un ní píìnì kankan. Ó ní kó lọ bi èmi, pé èmi ni mo mọ àwọn tó mọṣẹ́.

Mo ti tún lóyún báyìí, màmá mi sì ti dé. Mo ra páálí píìnì kan, mo gbé e sórí tábìlì nínú yàrá tó ń sùn. Ó ń nu tábìlì náà láràárọ̀, kò fọwọ́ kàn án. Láàárọ̀ yìí ni mo rọra kúnlẹ̀ tikùntikùn, mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀kan há aṣọ."

Ó ní, "Ṣé dókítà gbà bẹ́ẹ̀?"

Kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà o. Ó fẹ́ mọ̀ ni, ìyẹn ló sì dùn mí jù.